Ohun Tí Wáyà Gbọ́ Lábẹ́ Òkè Stillhouse

Lọ́jọ́ tí wọ́n so kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kẹ́yìn mọ́ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì náà, Dreama Stidham kò bá wọn jẹ nínú kéèkì tí wọ́n gé. Ó jókòó nínú yàrá tútù tí àwọn ẹ̀rọ wà, ó ń wo iná kékeré aláwọ̀ ewé kan tó ń ṣẹ́jú, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó pẹ́ tó ti ń bá òkè jà nítorí iná kékeré yẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì márùn-ún ni wọ́n, wọ́n fọ́n káàkiri àárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky, oníkálukú nínú àfonífojì tirẹ̀, bí ọmọ ìyá tí ìjà tú ká. Kí wáyà tó dé, bí olùkọ́ kan ní Laurel Fork, níbi tí Dreama ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì ńlá tó wà ní Lexington, ṣe ni yóò da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí ìkó-dátà, yóò gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, yóò sì wakọ̀ lọ. Ọkọ̀ yá ju íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù a sì máa bá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í padà. Ìyẹn ló ń dun Dreama. Ó fẹ́ kí ọmọ awakùsà lè jókòó nílé ìyá rẹ̀ kí ó máa fi kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́nà jíjìn ṣiṣẹ́, bí ẹni ń bu omi nínú àmù ilé.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ ni Garland Fugate, olórí àjọ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì márààrún pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ nítorí wáyà náà. Ọmọ Cold Fork ni Fugate. Bàbá rẹ̀ wa èédú títí eruku fi jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Ọkùnrin gíga ni, kì í pariwo. Tí inú bá ń bí i, ṣe ni ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Nígbà tí wáyà dé ẹsẹ̀ òkè Stillhouse tí kò rí ọ̀nà kọjá, òun ló lọ bá ilé-iṣẹ́ èédú tó ni òkè náà, tó bẹ̀ wọ́n títí ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ dè é: kí wáyà máa gbé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má ṣe iṣẹ́ mìíràn, ọjọ́ tí àwọn bá ní kí ó kúrò lórí ilẹ̀ àwọn, kí ó kúrò. Bí wáyà ṣe yí òkè náà po nìyẹn. Ó gba abẹ́ ògiri adágún kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì já sí Cold Fork ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Orí òkè ni adágún yẹn wà. Omi tí wọ́n fi fọ èédú ni wọ́n ń dà síbẹ̀ láti ìgbà tí Dreama ti wà lọ́mọdé. Ó dúdú, ó ki bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí ọ̀pọ̀lọ́. Bí oòrùn bá ràn lé e, kì í dán. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, ní Pawpaw Hollow, ni Burchell Combs ń gbé, àbúrò ìyá Dreama, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Ìgbà ìrúwé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tamsin Roark dé láti yunifásítì. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni, obìnrin kúkurú kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó gbé àpótí irin kan lọ́wọ́ tí kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ.

"Nínú wáyà yín yẹn," ó ní, "ṣé okùn dígí wà tí ẹ ò tíì lò?"

"Ó pọ̀ lọ jàra," Dreama dáhùn. "A rì í mọ́lẹ̀ de ọjọ́ iwájú ni."

"Yá mi ní ẹyọ kan. Àpótí yìí á máa tanná sínú ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì, dígí á gbọ̀n. Bí dígí bá gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ á yí díẹ̀. Gbogbo ibi tí wáyà gbà di etí nìyẹn."

"Etí?"

"Etí, ọmọ mi. Etí tó gùn bí odò. Ohun tó sì ń gbọ́ pọ̀ débi pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan lágbègbè yìí tó lè gbé e dé Lexington, àfi tiyín yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Dreama nínú, ó sì yá a.

Eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àpótí ń gbọ́, wáyà ń gbé e lọ, kọ̀ǹpútà Lexington ń túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń padà wá bí ìlà aláràbarà lójú ẹ̀rọ. Wọ́n rí ọkọ̀ èédú bó ṣe ń gun òkè. Wọ́n rí màlúù tó ń rìn lọ mumi. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n rí àwọn ará ìjọ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbì, gbì, gbì. Fugate alára wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ẹ ti wá ń ṣe amí màlúù." Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí wáyà rẹ̀ lè ṣe pọ̀ ju èyí tó ṣèlérí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dreama wọlé, ó bá Roark tó jókòó láìsọ̀rọ̀. Kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àbààwọ́n kan wà lójú ẹ̀rọ, ó nà gbọọrọ ní ibi tí wáyà ti yí òkè Stillhouse po.

"Kí nìyẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Fi èyí sétí." Roark gbé ohun ìgbọ́hùn lé e lórí. "Mo ti mú kó yára sí i, kí etí èèyàn lè gbọ́ ọ."

Dreama tẹ́tí. Kò jọ àrá, kò sì jọ ẹ̀rọ. Ó dà bí ẹni tó sùn, tó ń payín keke lójú oorun. Á dákẹ́, á pẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo irun ọwọ́ rẹ̀ dìde.

"Ibo ló ti ń wá?"

"Inú òkè. Mi ò tíì lè tọ́ka síbì kan pàtó, torí òkè máa ń ju ìró kiri. Ṣùgbọ́n abẹ́ ògiri adágún ló ti ń ró jù." Roark fi ìka kan ìlà mìíràn, tínńrín, ní apá Cold Fork. "Èyí ńkọ́?"

"Ọ̀nà ọkọ̀ èédú gba ibẹ̀," Dreama wí. "Ọkọ̀ nìyẹn."

Wọ́n pa ìyẹn tì.

Fugate jókòó pẹ̀lú ohun ìgbọ́hùn lórí, ó gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́, ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lójú wọn níbẹ̀ ló pe ilé-iṣẹ́ èédú. Ọkùnrin tó gbé e sọ fún un pé àwọn ẹnjiníà àwọn ń yẹ ògiri náà wò déédéé, pé ó gbẹ táútáú, pé ó le ju ògiri ilé ìfowópamọ́ lọ. Fugate dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, ilé-iṣẹ́ náà ló pè é padà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fetí kọ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Fugate wá sí Laurel Fork fúnra rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, kò jókòó.

"Ẹ pa á," ó ní.

"Ọ̀gbẹ́ni Fugate, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ nǹkan. Mo bi Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí ni, ó ní òun ò mọ̀. Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìdí tá ò fi gbọ́dọ̀ pa á nìyẹn."

"Bí wọ́n bá fa wáyà yẹn tu, Dreama, kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló máa padà sínú òkùnkùn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń wádìí omi kànga, kí ni kí n sọ fún wọn? Pé òkè ń runra?"

"Ẹ sọ fún wọn pé èèyàn ń gbé nísàlẹ̀ ẹ̀."

Ohùn Fugate lọ sílẹ̀. "Ibojì ìyá mi wà ní Cold Fork. Ilé mi wà níbẹ̀. Má fi ikú dẹ́rù bà mí. Pa àpótí yẹn."

Roark ní òun á kọ̀wé sí ìjọba. Ó kọ ọ́, wọ́n sì fèsì pé àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n abẹ́ Fugate ni Dreama wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì fi tẹ bọ́tìnnì. Iná orí àpótí kú. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọ yàrá yẹn, ojú rẹ̀ a lọ síbi tí àpótí náà wà, a sì máa ṣe é bí ẹni tó fi ọwọ́ dí ẹnu ẹnìkan tó fẹ́ ké.

Ó wá gbájú mọ́ ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ó lọ sí Pawpaw Hollow.

Burchell ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lójú fèrèsé. Ó rí ọkọ̀ Dreama bó ṣe ń bọ̀, kò dìde.

"O tún wá lé mi kúrò nílé mi," ó ní.

"Ẹ káàsán o, Ánkù."

"Ká tó kí ara wa, jẹ́ n sọ ọ́ tán. Adágún yẹn ti wà lókè orí mi láti ìgbà tí mo ní eyín. Eyín ti lọ, adágún ṣì wà."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Jókòó kó o jẹun."

Ó jókòó, ó jẹun. Ó ní, "Ilé Ina tóbi. Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ló wà, ní Cold Fork, kò sí ògiri adágún lókè wọn. Ẹ lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ló bí i, kì í ṣe àlejò."

"Ina ò mọ ẹ̀wà á sè. Ebi á ti pa mí kí omi tó rí àyè pa mí."

"Ánkù."

"Ó máa ń fi ṣúgà sí búrẹ́dì àgbàdo. Ìwọ fúnra ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn."

Dreama kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀. Burchell wò ó, ó ti àwo ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Nítorí ojú ẹ ni mo ṣe ń lọ o, kì í ṣe nítorí adágún. Ojú ẹ ti wọnú. O ti wá jọ ìyá ẹ nígbà tó ń kú lọ."

Ó kó rédíò rẹ̀, àga rẹ̀ àti àwọn adìẹ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Dreama wà á yí òkè po lọ sí Cold Fork. Ilé Ina wà létí odò kékeré kan, ilé mélòó kan sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ilé náà, igbó bo ẹnu ihò ìwakùsà àtijọ́ kan tí wọ́n ti fi òkúta dí kí wọ́n tó bí Dreama. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba àárín òkúta yẹn jáde. Burchell na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó ní, "Amúlétutù ọ̀fẹ́. O ò tètè sọ." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Dreama sun oorun tí kò sùn láti bí oṣù kan.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù keje. Kò rọ̀ bí òjò ẹ̀ẹ̀rùn tó ń wá tó ń lọ. Ṣe ló jókòó. Àwọn odò kékeré kún, wọ́n wọ́ afárá onígi lọ, ẹrẹ̀ bo ojú títì. Gbogbo èèyàn ń wo ògiri adágún. Ilé-iṣẹ́ èédú fi àwọn òṣìṣẹ́ sórí rẹ̀, rédíò sì ń sọ ọ́ léraléra pé ògiri dúró digbí, pé kò sí omi tó ń jò lára rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará Pawpaw Hollow kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà lókè, ọlọ́pàá àti àwọn panápaná sì wà lọ́dọ̀ wọn. Dreama gbọ́ ọ, ó dúpẹ́ pé Burchell kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú òjò yẹn, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ìlà ń já, ó ń padà, ó tún ń já. Dreama kò ka ìyẹn sí ohun tuntun. Níbi tí wáyà ti gba orí òpó, igi ló máa ń wó lù ú. Ó so ẹ̀rọ ìwọnwáyà rẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́, tó sì ń sọ ibi tí ìpalára wà gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè ní kó má ṣe é.

Ẹ̀rọ náà kò sọ pé wáyà já. Ó ní nǹkan ń fà á. Ibi tó ń fà á kò sí lábẹ́ ògiri. Cold Fork ni, nítòsí ilé Ina.

Ó tún un wọ̀n. Nǹkan náà ti fà á sí i.

Ó pe Roark ní Lexington. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ilẹ̀ ń yí ní Cold Fork. Ó ń fa wáyà mi."

"Cold Fork? Kì í ṣe ògiri?"

"Kì í ṣe ògiri."

"Dúró." Dreama ń gbọ́ bí ọmọ ìka Roark ṣe ń ta lórí kọ̀ǹpútà. "Dreama. Ìlà tínńrín yẹn tí a sọ pé ọkọ̀ èédú ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Mo ń wo ti ìgbà ìrúwé nísinsìnyí. Ó ń ró lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣé ọkọ̀ èédú máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi níbẹ̀?"

"Rárá."

"Kí ló wà lábẹ́ adágún yẹn?"

"Ihò," Dreama wí. "Gbogbo inú òkè yẹn, ihò ni. Wọ́n ti ń wa èédú níbẹ̀ láti ayé bàbá àwọn bàbá wa."

"A jẹ́ pé ìdí adágún ló ń jìn. Ó ń jìn sínú ihò. Ògiri lè dúró títí ayé, kò kàn án. Àwọn ihò yẹn, ibo ni ẹnu wọn já sí?"

Dreama rí ọwọ́ Burchell lójú inú, bó ṣe nà án sí afẹ́fẹ́ tútù. Ó pa fóònù, ó pe Ina. Kò wọlé. Ó pe àwọn panápaná; obìnrin tó gbé e ní gbogbo èèyàn àwọn ló wà ní Pawpaw, pé kí ó fọkàn balẹ̀, ògiri dúró digbí. Ó wá pe ẹni tí kò fẹ́ pè.

"Ọ̀gbẹ́ni Fugate, ibo lẹ wà?"

"Ilé. Wọ́n ní ìlà ń já, ṣé igi ni?"

"Ihò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé Ina Combs. Adágún ń gba ibẹ̀ bọ̀."

Dreama retí kí ó bi òun ní irú ìbéèrè tó bi òun nígbà yẹn, kí ó ní ta ló sọ, kí ni ẹ̀rí. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ burúkú tó máa fi dá a lóhùn.

"Wáyà ló sọ ọ́?" Fugate bèèrè.

"Wáyà ló sọ ọ́."

"Ó dáa. Mo wà nítòsí ju ẹ lọ. Mò ń lọ."

Dreama wa ọkọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Omi ń ya sójú títì láti apá òkè, òkúta ń yí bọ́ síwájú rẹ̀, wáípà kò sì lè bá òjò mu. Nígbà tó dé orí òkè ṣọ́ọ̀ṣì Cold Fork, ó rí ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí wọ́n dúró sínú òjò. Ina wà láàárín wọn, ó fi aṣọ ìnura bo orí, ó ń sunkún. Burchell wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán, láìní bàtà, ó fi adìẹ kan sábẹ́ kóòtù.

"Fugate ló fọ́ wíńdò wa wọlé," Burchell sọ. "Mo ní kí ló dé. Ó ní bí mo bá tún bi òun léèrè, òun á gbé mi kọ́rùn. Mo tún bi í. Ó gbé mi kọ́rùn."

"Ó dà báyìí?"

Burchell fi ẹnu júwe ìsàlẹ̀. "Ó padà lọ. Ó ní ìdílé Slone kò tíì jáde. Ìyá àgbà wọn ò lè rìn."

Dreama yí padà láti sọ̀ kalẹ̀. Burchell dì í mú lápá. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ awakùsà ni, Dreama kò lè já a gbà.

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mi ò fi ẹ́ sílẹ̀. Bú mi tó bá wù ẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn, wọ́n rí ọmọkùnrin Slone tó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, tó ń gun òkè bọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn. "Fugate ń bọ̀," ó ń pariwo ọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀. "Ó ní òun rí iná nílé tó kẹ́yìn."

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ó ti inú òkè yọ pẹ̀lú ìró bí ẹni tó mí sínú àgbá, ó sì da àwọn igi ẹ̀yìn ilé Ina sílẹ̀ kí omi kankan tó yọjú. Àwọn òkúta ẹnu ihò fò sókè bí ìgbà tí ẹni kan bá tu ẹ̀kùrọ́. Lẹ́yìn náà ni ohun dúdú náà dé. Kò yára bí Dreama ti rò, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. Ó ki, ó wúwo, ó ń ti ohun gbogbo síwájú pẹ̀lú sùúrù. Ó ti ilé Ina, ilé náà kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú fèrèsé àti òrùlé, ó yí díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀yìn, ó sì wó. Ó ti ilé Slone. Ó dé ilé tó kẹ́yìn, iná tó wà lójú fèrèsé rẹ̀ ṣì ń tàn. Nígbà tó yá, kò tàn mọ́.

Òjò nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àti adìẹ tó ń ké lábẹ́ kóòtù Burchell.

Nígbà náà gan-an ni wáyà já. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta kúrò lójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Lexington, Roark rí i bí ìlà náà ṣe kú, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbórí lé tábìlì.

Nígbà tí omi fà, wọ́n rí òkú Fugate jìnnà sí ìsàlẹ̀, létí odò ńlá, níbi tí ohun dúdú náà ti lọ ká. Wọ́n sì mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé tó lọ gbẹ̀yìn yẹn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti jáde láàárọ̀, wọ́n gbàgbé láti pa iná. Ilé-iṣẹ́ èédú ní òjò ni, pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Wọ́n mú àwọn oníròyìn gun òkè, wọ́n fi ògiri hàn wọ́n. Ó dúró digbí, ó gbẹ táútáú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn kún ṣọ́ọ̀ṣì kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá, àwọn olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá. Dreama sá sí ilé ìdáná ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń to oúnjẹ, kí ó má bàa ṣe ojú kan ojú pẹ̀lú Oleta, ìyàwó Fugate. Ó ń gé búrẹ́dì àgbàdo nígbà tí Oleta wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú, tó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwo.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ́ inú ilẹ̀," Oleta wí, kò wojú rẹ̀.

"Ó wà, mà."

"Wọ́n ní ẹnì kan pa á."

"Èmi ni, mà."

"Mi ò bi ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kó o pa á?"

Àwọn obìnrin tó kù ti ṣíwọ́. Dreama wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó lè sọ pé ilé-iṣẹ́ èédú ni, kò sì ní jẹ́ irọ́ pátápátá. Òkú ọkùnrin náà wà nínú àpótí lẹ́yìn ògiri, orin ìjọ ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹni kan ń lé e, àwọn tó kù ń fà á tẹ̀lé e. Ó ronú nípa gbogbo ohun tó ti pète láti sọ fún Fugate lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, tí kò rí àyè sọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Fugate ni, mà," ó ní.

Oleta mi orí. Ó gbé àwo kan lé òmíràn. "Ó sọ fún mi. Láti ìgbà yẹn ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Á jáde lọ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. Mo rò pé ó ń gbàdúrà. Mo wá rí i pé ṣe ló ń tẹ́tí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ká ní o purọ́ fún mi ni, ǹ bá ní kó o kúrò ní ilé Ọlọ́run yìí."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò tíì mọ ẹni tí mo máa bínú sí. Jẹun. O ti rù."

Oleta bu ẹ̀wà sí àwo, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Dreama gbà á. Bó ṣe gbé síbí sẹ́nu, ilẹ̀ ilé ìdáná náà mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àwọn ife orí pẹpẹ sì dún wẹ́rẹ́ lára ara wọn. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ dúró bí ère tí a gbẹ́. Ọkọ̀ èédú kan ló ń gba ojú títì kọjá. Ó kọjá, àwọn ife dákẹ́, àwọn obìnrin náà sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, oníkálukú ń wo ilẹ̀.